"Mo Gbọ́, Màmá": Ọ̀rọ̀ Kékeré Kan Tí Ó Ju Ti Etí Lọ

Arábìnrin kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Àkúrẹ́ ni ó sọ ìtàn yìí fún mi lẹ́yìn ìpàdé àwọn ìyá. Nígbà ìsinmi, ó mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ sí Òndó kí ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà. Ọmọ náà mọ̀wé dáadáa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ sí i nílé àti ní ilé-ẹ̀kọ́ láti ìgbà tí ó ti ń rá kòrò. Yorùbá tí ó mọ̀ kò ju kí ó kí àgbà, kí ó béèrè omi, kí ó sì dúpẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ kejì tí ó dé, Màmá gbé ọbẹ̀ kaná, ó sì fẹ́ yọjú sí aládùúgbò kan. Ó pe ọmọ náà, ó ní: "Jókòó síbí. Bí o bá ti gbọ́ òórùn ọbẹ̀ yìí pé ó fẹ́ jóná, kí o sáré wá pè mí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Ọmọ náà jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò sì mira. Nígbà tí Màmá padà dé, ọbẹ̀ ti jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Màmá figbe ta: "Ṣé n kò ní kí o pè mí ni?" Ọmọ náà dáhùn tọkàntọkàn pé: "Màmá, mo fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọbẹ̀ yẹn kò dún rárá."

Màmá rò pé ọmọ náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó tẹ ọmọ rẹ̀ láago sí Àkúrẹ́: "Ọmọ tí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ yìí kì í gbọ́ràn. Ó tún ń fi mí ṣẹ̀sín!" Ọ̀rọ̀ náà dun ìyá ọmọ, òun náà sì fèsì tí kò yẹ kí ó fọ̀ sí ìyá rẹ̀. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ọ̀rọ̀ láàrin àwọn méjèèjì ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo ni ó jóná, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó wà láàrin ìyá àti ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jóná.

Olùkàwé wa ọ̀wọ́n, ta ni ó jẹ̀bi? Ọmọ náà kò purọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ti kọ́ ọ pé "gbọ́" ni ohun tí etí ń ṣe. Kò mọ "òórùn," ṣùgbọ́n ó mọ "gbọ́," ó sì lo etí rẹ̀. Màmá náà kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ, nítorí kò sí bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́ tí ó tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì lò, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ náà gbé fún ẹnì kìíní kọ́ ni ó gbé fún ẹnì kejì. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kékeré yìí wò, nítorí ó kan ilé wa, ó sì kan ìgbàgbọ́ wa pàápàá.

IṢẸ́ TÍ "GBỌ́" Ń ṢE NÍNÚ ÈDÈ WA

Ẹ jẹ́ kí a kà á lórí ìka. À ń fi etí gbọ́ ìró. À ń fi imú gbọ́ òórùn. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì yé, a ní ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí ó ń ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe, a ní ó ń gbọ́ràn. Adájọ́ ń gbọ́ ẹjọ́. Bàbá tí kò jẹ́ kí ebi pa ará ilé rẹ̀, a ní ó ń gbọ́ bùkátà. Ọlọ́run tí ó dá wa lóhùn, a ní ó gbọ́ àdúrà wa. Kò sì sí ẹni tí ó máa rò pé ohun tí à ń sọ ni pé ohùn wa kàn dé etí Rẹ̀ lásán.

Àwọn bàbá wa tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ fún gbígbọ́ tí kì í ṣe gbígbọ́: àgbọ́yà. Ẹni tí ó ṣe àgbọ́yà ti gbọ́ o, ṣùgbọ́n ó yà fún ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tí ó yà fún gbèsè. Wọ́n sì máa ń sọ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹga ní í sọ pé ẹga ń pàtótó. Ìró ẹyẹ náà ń dé etí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́. Nínú èdè wa, etí jẹ́ ẹnu ọ̀nà lásán. Gbígbọ́ ni kí ọ̀rọ̀ wọlé, kí ó jókòó, kí ó sì ṣiṣẹ́.

ÀWỌN ÈDÈ MÌÍRÀN Ń KỌ́?

Ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan ni a ń lo ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi àwọn Haúsá tí wọ́n ń ta àlùbọ́sà àti tòmátì ní ọjà wa. Ọ̀rọ̀ wọn fún gbígbọ́ ni "ji." Òun ni wọ́n ń lò fún ìró, fún òórùn, àti fún èdè tí ó yé ènìyàn. Tiwọn tilẹ̀ gbòòrò ju tiwa lọ, nítorí wọ́n ń "gbọ́" ebi, wọ́n ń "gbọ́" ẹ̀rù, wọ́n sì ń "gbọ́" adùn. Ní tiwa, ebi ní í pa wá, ẹ̀rù ní í bà wá. Àwọn Ìgbò ń lo "nụ" fún ìró, fún òórùn, àti fún èdè. Bí Ìgbò bá bi ọ́ bóyá o "nụ" Ìgbò, kì í ṣe etí rẹ ni ó ń yẹ̀ wò. Ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn Fọ̀n ní "sè", ní Tógò àti Gánà, àwọn Ewe ní "se", àwọn tí ń sọ Twi ní Gánà ní "te." Gbogbo wọn ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìró sọ pé èdè yé wọn.

Bí a bá sọdá òkun, a óò rí i pé àwọn òyìnbó pàápàá kò jìnnà sí wa tó bí a ti rò. Ará Ítálì ń fi "sentire" gbọ́ ìró, ó ń fi gbọ́ òórùn, ó sì ń fi mọ ohun tí ó kan ara rẹ̀. Bí Màmá Òndó bá sọ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ Ítálì, kì bá tí sí ìjà. Nínú èdè Faransé, "entendre" tí wọ́n ń lò fún gbígbọ́ lónìí ti fi ìgbà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kí nǹkan yé ènìyàn. Ní Jámánì, láti inú "hören," èyí tí í ṣe gbígbọ́, ni "gehorchen" ti jáde, èyí tí í ṣe ìgbọràn. Ibẹ̀ náà ni "gehören" ti wá, tí ó túmọ̀ sí pé nǹkan jẹ́ ti ẹnì kan. Ó dà bí ẹni pé èdè náà ń sọ fún wa pé ẹni tí ò ń gbọ́ tirẹ̀ ni ò ń jẹ́ tirẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìgbọràn, "obey," wá láti inú Látìn, gbígbọ́ sì ni ó wà ní ìdí rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wọn jìn tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ó tún ń rí etí nínú rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ronú lè ní òun ti gbọ́, kí ó sì jókòó síbi tí ó wà, láìrò pé òun ti ṣe ohun tí kò dára. Lọ́kàn tirẹ̀, ó ti dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi í. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìbéèrè kọ́ ni ìyá rẹ̀ ń béèrè!

LÁTI BÁBẸ́LÌ DÉ PẸ́ŃTÍKỌ́SÌ

Nínú èdè Hébérù, èyí tí a fi kọ ọ̀pọ̀ jùlọ Májẹ̀mú Láéláé, "shama" ni gbígbọ́. Bí àwọn òǹkọ̀wé náà bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan ṣe ìgbọràn, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ ni pé ó "gbọ́ ohùn" olúwa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni Mósè fi pe gbogbo Ísírẹ́lì (Deutarónómì 6:4). Òun náà ni Sámúẹ́lì lò nígbà tí ó ń bá Sọ́ọ̀lù wí pé Olúwa kò fẹ́ ẹran ẹbọ tó bí Ó ti fẹ́ ìgbọràn (1 Sámúẹ́lì 15:22). Etí Sọ́ọ̀lù kò di. Ó gbọ́ àṣẹ náà ketekete, ó sì ṣe àgbọ́yà.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó wà ní Bábélì, níbi tí Ọlọ́run ti da èdè wọn rú kí ẹnì kan má bàa gbọ́ èdè ẹnì kejì (Jẹ́nẹ́sísì 11:7). Ẹ wo bí Hébérù àti Yorùbá ṣe ṣe déédéé níbí: ìró kò dáwọ́ dúró ní Bábélì, àgbọ́yé ni ó sọnù. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, kí ni Lúùkù sọ pé ó ya àwọn èrò lẹ́nu? Pé olúkúlùkù ń gbọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run ní èdè tirẹ̀ (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 2). Àwa tí a fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa ahọ́n tí ó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ náà, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé etí tí ó gbọ́.

Ibì kan tún wà tí ó máa ń rú àwọn tí ń ka Bíbélì lójú. Ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:7, àwọn tí ó bá Sọ́ọ̀lù ará Tásù rìn lọ sí Dámásíkù gbọ́ ohùn. Ní 22:9, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sọ pé wọn kò gbọ́ ohùn ẹni tí ń bá òun sọ̀rọ̀. Ṣé Bíbélì ń ta ko ara rẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà, "akouo," ni ó wà níbi méjèèjì. Ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ gbà pé wọ́n gbọ́ ìró, ṣùgbọ́n ohun tí ohùn náà ń sọ kò yé wọn. Ọmọ Yorùbá kò nílò ìwé ńlá kí èyí tó yé e. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹga ni wọ́n.

"GBÀ" NÍWÁJÚ, "GBỌ́" LẸ́YÌN

Ní ọdún 1821, wọ́n kó ọmọkùnrin kan ní Ọ̀ṣogùn lẹ́rú. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì mú un dé Freetown ní 1822. Ọmọ náà ni Samuel Ajayi Crowther. Ní oṣù kìíní ọdún 1844, ó wàásù ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tí ìyà ẹrú ti jẹ. Ìwé Róòmù wà lára àwọn apá Bíbélì tí ó kọ́kọ́ jáde ní Yorùbá, ní ọdún 1850. Òun àti àwọn mìíràn, bíi Thomas King, sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí odindi Bíbélì fi jáde ní 1884.

Ó ti tó ọdún mélòó kan ṣáájú kí Bíbélì náà tó pé tán tí Charles Phillips ti dé Òndó ní 1877 láti wàásù; ní 1893 ni ó di bíṣọ́ọ̀bù. Èdè tí ó wà nínú Bíbélì náà sún mọ́ ti Ọ̀yọ́ ju ti ẹ̀kùn wa lọ. Eghó ni ará Òndó ń pe owó, ulé sì ni ará Àkúrẹ́ ń pe ilé. Síbẹ̀, àwọn ìyá ìyá wa fi ara balẹ̀, wọ́n sì gbọ́ èdè náà títí ó fi di tiwọn.

Nínú ìwé Róòmù náà ni Pọ́ọ̀lù ti kọ́ wa pé etí ni ìgbàgbọ́ ń gbà wọ inú ènìyàn (Róòmù 10:17). Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ fún ìgbàgbọ́ àti ọ̀rọ̀ fún gbígbọ́ kò jọ ara wọn rárá. Ní ti Yorùbá, ọ̀kan wà nínú èkejì. Ẹ pè é síta: gbà-gbọ́.

Àwọn èdè mìíràn gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀rọ̀ Hébérù fún ìgbàgbọ́ bá "Àmín" tí à ń ṣe lójoojúmọ́ tan, ohun tí ó dúró ṣinṣin ni ó sì wà ní ìdí rẹ̀. Ti Gíríìkì bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún kí a yí ènìyàn lọ́kàn padà tan. Ti Gẹ̀ẹ́sì bá ohun tí ó jẹ́ ọ̀wọ́n fún ènìyàn tan. Haúsá ń sọ pé kí a fi òtítọ́ fún ẹni tí a gbà gbọ́. Ìgbò ń sọ pé kí a kwe, ìyẹn ni pé kí a gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń sọ Twi ní "gye di": kí o gbà á, kí o sì jẹ ẹ́! Àwọn Ewe sì ní "xɔ se." Kí ni "xɔ"? Gbà ni. Kí ni "se"? Gbọ́ ni. Ohun tí Yorùbá sọ gan-an ni Ewe náà sọ.

Ẹ tún kíyè sí bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ wa yìí. A kì í sábà sọ pé "mo gbàgbọ́ Jésù." Ohun tí à ń sọ ni pé mo gba Jésù gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà là sí méjì, Jésù sì bọ́ sí àárín. "Gbà" wà níwájú Rẹ̀, "gbọ́" wà lẹ́yìn Rẹ̀. Ẹni tí ó gbà Á tí kò sì gbọ́ tirẹ̀ kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà parí. Àwọn púpọ̀ wà nínú ilé Ọlọ́run tí ó jẹ́ pé ní "gbà" ni wọ́n dúró sí. Wọ́n gba ìbùkún, wọ́n gba ìwòsàn, wọ́n gba àṣẹ àti agbára. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni wọn yóò dé ibi "gbọ́"?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì mọ́lẹ̀ ní Ìkejì-Arákejì, ní ọ̀nà tí ó ti Iléṣà wá sí Àkúrẹ́. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ pé ẹ̀rọ náà kú lójijì, ó sì gbọ́ ohùn tí ó pe orúkọ rẹ̀ tí ó sì ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti lọ wàásù. Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba tó dára ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ pé etí nìkan ni ó fi gbọ́, ìbá tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, ìbá sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìsọjí ńlá bẹ́ ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní 1930, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jẹ nínú èso ìgbọràn náà.

NÍNÚ ILÉ WA

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé Màmá. Ní ọjọ́ kan, ìyá ọmọ náà pe ọmọ rẹ̀ jókòó, ó sì bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé: "Kí ni Màmá sọ fún ọ ní ọjọ́ yẹn gan-an?" Ọmọ náà sọ ọ́ bí ó ti yé e. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Omi náà kì í sì ṣe ti ẹ̀rín nìkan. Ó rí i pé ọmọ òun gbọ́ràn, pé òun gan-an ni kò fún un ní èdè tí yóò fi gbọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Òndó, ó kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ní: "Ẹ dárí jì mí, Ma. Ọ̀rọ̀ yín kò yé e ni." Ìyá náà ní: "Èmi náà kò bi í. Mo kàn ń pariwo ni."

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí dì mú níbẹ̀.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí a máa sọ Yorùbá sí àwọn ọmọ wa. Gẹ̀ẹ́sì dára, kí wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ àgbà ti pàdánù ìmọ̀ràn àti àdúrà tí owó kò lè rà. Ẹ fi Yorùbá ka Bíbélì níbi àdúrà ìdílé, bí kò tilẹ̀ ju ẹsẹ márùn-ún lọ lójúmọ́. Kí ọmọ kà á, kí ó sì sọ ohun tí ó yé e.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí a máa dúró lórí "Ṣé o gbọ́?" Kò sí ọmọ tí kì yóò dáhùn pé òun gbọ́. Ẹ bi í pé: "Kí ni mo ní kí o ṣe?" Bí ó bá lè sọ ọ́ padà, ó ti gbọ́. Lóòótọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní èdè tí yóò fi dì í pọ̀ ńkọ́? Sọ odidi fún un.

Ẹ̀kẹta, kí àwa òbí náà máa gbọ́. Kí a gbọ́ ti ẹnu ọmọ kí a tó na ọwọ́ sí pàṣán. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ ń gbọ́ bùkátà ilé. Ìyàwó yín fẹ́ kí ẹ gbọ́ òun náà pẹ̀lú. Ẹ̀yin ìyàwó, àgbọ́yà kì í ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ kí ọkọ yín mọ ohun tí ó ń dùn yín.

Ọmọkùnrin náà ti ń lọ sí Òndó ní gbogbo ìsinmi báyìí. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tí ó lọ kẹ́yìn, òun ni ó kọ́kọ́ ké láti pálọ̀ pé: "Màmá, mo ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ o!" Màmá sì sáré lọ pa iná. Ọbẹ̀ kò jóná.

Kí Olúwa fún wa ní etí tí ń gbọ́, àti ẹsẹ̀ tí ń dìde nígbà tí a bá ti gbọ́. Àmín.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌDÍLÉ

1. Kí olúkúlùkù sọ ohun kan tí wọ́n sọ fún un lọ́sẹ̀ yìí tí ó gbọ́ ṣùgbọ́n tí kò ṣe. Kí ni ó fà á?
2. Ẹ ka 1 Sámúẹ́lì 15. Níbo ni Sọ́ọ̀lù ti ṣe àgbọ́yà?
3. Kí àwọn ọmọ béèrè ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta tí kò yé wọn lọ́wọ́ àgbà kan nínú ẹbí. Kí wọ́n lò wọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí.